Ṣé kí n jáwọ́ nínú ẹgbẹ́ àwa awakọ̀ òfuurufú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Igbákejì awakọ̀ ni mí ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan n'Ìkẹjà, Ìta-Ẹlẹ́wà n'Ìkòròdú ni mò ń gbé. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù mi. Lóṣù tó kọjá la ṣàdédé rí ìwé lára ògiri pé olórí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ti bá àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí àdéhùn tuntun lórí owó ìfò àti ìsinmi. Ẹnikẹ́ni ò bi wá. Mo fẹ́ kọ̀wé pé kí wọ́n má yọ owó mi mọ́. Ṣé ó lòdì sófin?
— Awakọ̀ Òfuurufú, Ìkòròdú

ÈSÌ: Ọmọ mi, kò lòdì sófin. Láti ọdún 2005 tí wọ́n ti ṣàtúnṣe òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó lè fi tipátipá mú ọ wẹgbẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ọ́ torí pé o jáde. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má tíì kọ ìwé yẹn. Bí o bá kọ ọ́ tán, rọ́sítà, ìyẹn ètò ọjọ́ àti wákàtí tí kálukú máa fò, tí àdéhùn yẹn bí ni wàá ṣì máa tẹ̀ lé, o ò kàn ní lẹ́nu níbi tí wọ́n bá ti ń jíròrò rẹ̀ mọ́ ni.

Ẹ̀bi àwọn olórí yín kò kéré, n ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ bá rán olórí ẹgbẹ́ ló yẹ kó jẹ́ níwájú àwọn aláṣẹ. Kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kó gbé e padà wá sílé, kó kà á sí yín létí, àgàgà ibi tó kan ìsinmi. Ìwọ tó ń gbé Ìkòròdú mọ ohun tí mò ń sọ. Bí bàálù bá máa gbéra láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nǹkan bí aago mẹ́ta lo ti gbọ́dọ̀ jí, kó o lè kọjá Mile 12 kí ọ̀nà tó dí. Ta ló ń ka wákàtí yẹn mọ́ iṣẹ́? Alága tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí pápákọ̀ lè má rántí rẹ̀, àfi bí o bá wà níbẹ̀ láti sọ ọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo ṣe akọ̀wé ẹ̀ka fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìpàdé awakọ̀ òfuurufú ṣòroó pè: àwọn kan wà lókè, àwọn kan sùn sí Kánò, àwọn tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀, oorun sì kún ojú wọn. Ìwé tí a fi ń kọ orúkọ àwọn tó wá, orúkọ àwọn kan náà ló máa ń wà níbẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Àwọn tó ń pariwo jù nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, o ò ní rí orúkọ wọn. Akọ̀wé tó mọṣẹ́ á wo rọ́sítà kó tó mú ọjọ́, á pe ìpàdé láàárọ̀, á tún pè é nírọ̀lẹ́, á sì ti fi ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò ránṣẹ́ ṣáájú, kí ẹni tó wà ní Port Harcourt lè kọ èrò tirẹ̀ wá. Bí tiyín kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè fún un. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, ìgbà wo lo dé ìpàdé kẹ́yìn? O ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ.

Ohun kan sì wà tó máa ń dùn mí. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbà láti fò kọjá wákàtí tí ẹgbẹ́ jà fún, torí kí ọ̀gá lè yìn ín, ti já alága kulẹ̀ níbi tó ti ń dúnàádúrà. Ẹ̀mí àwọn èrò tó jókòó sẹ́yìn náà wà nínú àárẹ̀ rẹ̀. Ìjà ni wọ́n fi gba wákàtí yẹn. Ọdún 1931 ni awakọ̀ òfuurufú kan, David Behncke, kó àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní Chicago tí wọ́n dá ALPA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú ti Amẹ́ríkà, sílẹ̀. Nígbà tó di 1934, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ ní kí awakọ̀ má fò ju wákàtí 85 lọ lóṣù. Iṣẹ́ ribiribi lọkùnrin yẹn ṣe. Síbẹ̀, nígbà tó di pé gbogbo nǹkan ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ sì ń falẹ̀, àwọn aṣojú ọmọ ẹgbẹ́ yọ ọ́ nípò lọ́dún 1951, Clarence Sayen sì rọ́pò rẹ̀. Wọn ò torí rẹ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, wá ìwé òfin ẹgbẹ́ yín, kó o wo iye èèyàn tó lè fọwọ́ síwèé láti pe ìpàdé pàjáwìrì. Lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi pé. Kí àwọn olórí gbé àdéhùn náà síta lódindi, kí wọ́n sì sọ ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Ẹ béèrè ìṣirò owó pẹ̀lú. Ọdọọdún lòfin ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi ìṣirò owó ránṣẹ́ sí Registrar of Trade Unions, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kò wá yẹ kó jẹ́ àṣírí fún ọmọ ẹgbẹ́. Fọ̀wọ̀ bá alága sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ ni lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n má torí ẹ̀gbọ́n gbé ìbéèrè rẹ mì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí oríkò ẹgbẹ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ẹ bá dìbò tí èrò tìrẹ ò borí, bá wọn tẹ̀ lé ohun tí ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí, kó o sì dupò aṣojú nígbà tí ìdìbò ẹ̀ka bá tún dé.