Báwo ni mo ṣe máa kọ net ionic equation lead nitrate àti potassium iodide?
Òun nìyí: Pb²⁺(aq) + 2I⁻(aq) → PbI₂(s); (aq) ni èyí tó yòrò sínú omi, (s) ni èyí tó le. Ẹ kọ́kọ́ báláǹsì odindi ẹ̀ ná, Pb(NO₃)₂ + 2KI → PbI₂ + 2KNO₃, kẹ́ ẹ wá tú gbogbo èyí tó yòrò sínú omi sí ions, ìyẹn àwọn ègé tó ní charge, àmọ́ PbI₂ ò kí ń yòrò bẹ́ẹ̀ o, ẹ má tú u rárá, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń fèèlì. K⁺ àti NO₃⁻ ò yí padà, ẹ fagi lé wọn. Ẹ ṣáà wo ògì tí wọ́n sẹ́ nílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, PbI₂ lògì tó wà nísàlẹ̀ ike, àwọn K⁺ yẹn ṣì wà nínú omidùn lókè. Yẹ́lò ni PbI₂ máa ń jẹ́, bí inú màngòrò tó pọ́n. Ẹ tún ka charge, òdo ni lápá méjèèjì.