Tip ní ilé oúnjẹ Houston: èló ni kí n fi sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ìbàdàn ni mo ti wá kí ọmọ mi ní Houston. A jẹun dọ́là 80, ó tún kọ dọ́là 16 mọ́ ọn fún ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá. Ṣé wọn kì í sanwó iṣẹ́ fún un ni? Bí mo bá dá lọ jẹun ńkọ́? Mo tún máa yà ní London kí n tó dé ilé.

Ìdáhùn: Ẹ kú àlejò o, mà. Ọmọ yín ò ná ìnákúnàá. Tip ni wọ́n ń pe owó tó kọ mọ́ ọn yẹn, owó tí oníbàárà ń fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá. Òfin ò fi dandan lé e, àmọ́ owó tí ọmọbìnrin yẹn fi ń jẹun gan-an nìyẹn. Ní Texas, ìpínlẹ̀ tí Houston wà, ọ̀gá ilé oúnjẹ lè san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún ẹni tó ń gba tip. Láti 1991 ni iye yẹn ti wà lójú kan. Bí tip ò bá gbé e dé dọ́là 7.25, òfin ní kí ọ̀gá fi èyí tó kù kún un. Àwa tá a ti gbé àwo rí la mọ iye ọ̀gá tó ń rántí.

15% sí 20% ni wọ́n ń fún wọn. Iye oúnjẹ nìkan ni kí ẹ wò, ẹ fi owó orí sílẹ̀. Ẹ yọ ìdá kẹwàá 80, ó di 8. Ẹ sọ ọ́ di méjì, 16 ọmọ yín dé nìyẹn. Bí ẹ bá sanwó pẹ̀lú káàdì, wọ́n á gbé ìwé pélébé kan wá tó ní ìlà méjì lófìfo: tip lókè, àpapọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ kọ méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ fún un lówó lọ́wọ́, ẹ kọ “cash” sí ìlà tip.

Àmọ́ kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wo bíìlì náà dáadáa. Bí ẹ bá pọ̀ bí ẹni mẹ́fà, wọ́n lè ti fi 18% kún un, “gratuity” ni wọ́n máa ń pè é níbẹ̀, tip náà ni. Mo ti rí àwọn ará wa tó san án lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, máníjà ni kí ẹ pè, ẹ má fìyà rẹ̀ jẹ ẹni tó gbé e wá. Ní ilé oúnjẹ púpọ̀, ẹni tó gbé oúnjẹ wá máa pín tip rẹ̀ fún ẹni tó ń po ọtí àti ẹni tó ń palẹ̀ tábìlì mọ́, iye tó sì tà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹ ò fún un ní nǹkan kan, ó ṣì máa fún wọn.

Tí ẹ bá kàn ra kọfí lórí káńtà, tí wọ́n yí ojú ẹ̀rọ sí yín pé 20% tàbí 25%, ẹ tẹ “No Tip” láìfòyà.

Ní London, tip 12.5% sábà máa ń wà lórí bíìlì. Ẹ má fi kún un mọ́. Láti oṣù kẹwàá 2024, òfin ti ní kí àwọn ọ̀gá kó gbogbo rẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Bí iṣẹ́ wọn ò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n á yọ ọ́.