Ṣúgà mi ń já wálẹ̀ lóru: ṣé kí n da oògùn nù ni?

ÌBÉÈRÈ
Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 67 ni mí, aṣọ ni mò ń rán ní Òṣogbo. Ó ti pé ọdún 9 tí wọ́n ti ní mo ní àtọ̀gbẹ. Daonil 5 mg ni mò ń lò, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, pẹ̀lú metformin. Láti oṣù Kẹwàá ni mo ti dín ẹ̀bà kù, mo ń rìn láràárọ̀, mo sì ti já láti kílò 89 sí 78. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, òógùn á bò mí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, àyà mi á máa lù kìkì. Mo yẹ ṣúgà mi wò lẹ́ẹ̀mejì: 58, àti 49. Ẹ̀pà ni mo máa ń jẹ kí n tó padà sùn. Èmi àti ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún 12, nìkan la wà nílé. Ẹnì kan ní kí n da gbogbo oògùn náà nù, kí n máa mu omi ewúro. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Aránṣọ, Òṣogbo

ÌDÁHÙN
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu. Ẹ má tún fi ẹ̀pà sùn lórí 49 mọ́. Ṣúgà tó bá ti wá sísàlẹ̀ 70 ti kéré jù. Tó bá ti kéré ju 54 lọ, ọpọlọ gan-an ni ebi ń pa.

Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá irú rẹ̀ lọ. Wọ́n pè mí lóru ọjọ́ kan pé wọ́n ń sọ ìsọkúsọ. Mo bá wọn ní ìjókòó létí ibùsùn, wọ́n wọ bùbá sódì, ṣíìtì tutù rinrin bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Àbúrò wọn ti ń wá wòlíì kiri. Mo gún ìka wọn: 38. Wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì, mo bá po ṣíbí tíì mẹ́rin ṣúgà sínú omi, mo ń fún wọn mu díẹ̀díẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, “Ìgbà wo lo dé?” A ń dúpẹ́, a rò pé ó ti tán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó tún já sí 52, nítorí Daonil tí wọ́n lò lálẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Ọsibítù la wà títí di ọjọ́ kejì, tí wọ́n ń fa omi ṣúgà sí wọn lára.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Bàbá ti rù fún bí ọdún kan, ṣùgbọ́n iye oògùn kan náà ni wọ́n ń kọ fún wọn ní kíníkì. Kò sẹ́ni tó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì náà kò béèrè.

Ohun tó ń ṣe yín nìyẹn. Daonil máa ń ti ara láti tú insulin jáde, ìyẹn èròjà ara tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹ jẹun o, ẹ kò jẹun o. Nígbà tí ẹ wọn kílò 89, ara yín kì í tètè gbọ́ ti insulin. Ní báyìí tí ẹ ti fúyẹ́, ó ń gbọ́, oúnjẹ alẹ́ yín sì ti kéré. Oògùn tó bá ara àtijọ́ mu ti ju ti ìsinsìnyí lọ. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀bà padà láti fi bọ́ oògùn. Oògùn ló yẹ kó dín kù.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó lo Daonil míì, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì. Ẹ mú páálí oògùn dání, kí ẹ sì kọ 58 àti 49 yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Daonil ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dín kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, torí kò rọrùn fún àwọn tó ti lé ní ọdún 65. Metformin nìkan kì í sábà fa irú èyí, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín yín wò, nítorí bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, Daonil á pẹ́ lára jù. Ẹ sì sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ Septrin, oògùn apakòkòrò kan, fún yín pé ẹ ń lo Daonil, torí àwọn méjèèjì pọ̀ máa ń fa ṣúgà wálẹ̀.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lálẹ́ òní, ṣúgà ni kí ẹ mu, kì í ṣe ẹ̀pà. Òróró inú ẹ̀pà kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Ṣíbí tíì mẹ́rin ṣúgà nínú omi, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún gún ìka. Bí kò bá tíì tó 70, ẹ tún un mu. Bó bá ti gòkè, ẹ wá jẹ búrẹ́dì tàbí ẹ̀wà díẹ̀, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí kan. Bó bá tún ń já, ọsibítù ni o, lóru náà.

Ẹ po ṣúgà náà sínú ìgò kékeré, kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, kí ẹ sì fi han ọmọ yẹn. Ẹ sọ fún un pé bí ẹ kò bá dáhùn, kó má da ohunkóhun sí yín lẹ́nu. Kó yí yín sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó sáré pe aládùúgbò tó ní mọ́tò.

Ní ti ewúro, ẹ máa fi se ọbẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń mu omi rẹ̀ tàbí àgbo kankan, torí ó lè fa ṣúgà wálẹ̀ lórí oògùn tẹ́ ẹ ti lò tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ní kí ẹ da gbogbo rẹ̀ nù ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Lóòótọ́, nínú ìwádìí DiRECT tí wọ́n ṣe ní Britain, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n fi oúnjẹ díẹ̀ tọ́jú ni àtọ̀gbẹ wọn lọ láìlo oògùn lẹ́yìn ọdún kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní àrùn náà ju ọdún 6 lọ nínú wọn, àwọn elétò ìlera ló sì dá oògùn náà dúró, tí wọ́n ń ṣọ́ wọn. Tiyín ti pé ọdún 9. Ó lè dín kù gan-an, mi ò lè ṣèlérí ju ìyẹn lọ.

Bí ẹ bá ti dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ kọ̀wé padà sí mi. Ohun tí ẹ̀rọ bá kà ní aago mẹ́rin ìdájí ni mo fẹ́ gbọ́.