Ṣé kí n máa wo fíìmù ni, àbí kí n máa wá oníbàárà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí fíìmù mi àkọ́kọ́, mo sì ti gba bájì tí wọ́n fi ń wọ ọjà fíìmù tó wà ní Cannes nílẹ̀ Faransé, Marché du Film. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ wọ sinimá rárá, kí n kàn máa ti sítáńdì àwọn tó ń ta fíìmù kan bọ́ sí òmíràn. Ó tún ní tí wọ́n bá ti fi fíìmù mi hàn lọ́jà yẹn, kí n kọ ọ́ sára pósítà pé Cannes ti mú un. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á jẹ́ ó tà. Ẹ jẹ́ n mú ti pósítà ṣáájú torí ibẹ̀ ló léwu jù: ẹ má kọ ọ́ o, ẹ jọ̀ọ́! Ọjà yẹn àti àjọ̀dún fíìmù Cannes jọ ń wáyé lóṣù Karùn-ún ni, wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Ní ti àjọ̀dún, àwọn kan ló ń jókòó ṣa fíìmù, àmọ́ ní ti ọjà, tí wọ́n ti ń ná láti 1959, ẹni tó bá ti sanwó yàrá sinimá á fi tiẹ̀ hàn. Àwọn tó ń ra fíìmù sì mọ ìyàtọ̀ yìí bí ẹni mowó.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín, mi ò bá a pa ohùn pọ̀ rárá. Tẹ́ ò bá tíì wo nǹkan kan, kí lẹ fẹ́ bá onísítáńdì sọ? Àwọn tó ń bá èèyàn ta fíìmù, kálukú ló ní irú èyí tó ń gbé, ẹlòmíì ò ní gbà ju fíìmù ẹlẹ́rù, ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdílé ló ń wá kiri, fíìmù tí wọ́n gbé wá lẹ ó sì fi mọ̀ wọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó jọ tiyín tó sì wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ wo orúkọ ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ lọ bá a: "Mo wo fíìmù yín lánàá, ibi tí ìyá yẹn ti dákẹ́ tí ò dá ọmọ ẹ̀ lóhùn, mi ò lè gbàgbé." Ẹ ó rí i tó máa gbójú kúrò lára fóònù.

Ọjà máa ń tú ṣáájú àjọ̀dún, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìpàdé yín (ẹ ti kọ ímeèlì ránṣẹ́ sáwọn tó ń ta fíìmù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé o, àyè wọn tètè ń kún), kẹ́ ẹ wá fi ìparí wo fíìmù títí ojú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Àwọn tó ń ra fíìmù á máa dìde láàárín fíìmù yín, ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́, fíìmù bíi mẹ́ta ló ń pè wọ́n ní aago kan náà, ẹlòmíì tó tètè jáde sì lè jẹ́ pé ọ̀gá ẹ̀ ló lọ pè pé òun ti rí ọjà.

Tẹ́nì kan bá lóun fẹ́ rà, ẹ bi í pé orílẹ̀-èdè wo, ọdún mélòó, torí èèyàn lè ta ti Faransé nìkan tàbí ti Jámánì nìkan. Kí lọ́yà yín kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.