Ṣé Ara Ọ̀pẹ Nìkan Ni Texapon Ti Wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọṣẹ olómi ni mo ń ṣe tà ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí mo ń ra Texapon lọ́wọ́ rẹ̀ sọ pé àdín ni wọ́n fi ṣe é, pé kò sí epo rọ̀bì nínú rẹ̀ rárá, kò sì lè dá kún ooru tó ń mú ayé. Ṣé mo lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára kẹ́ẹ̀gì mi?

Ìdáhùn: A kí yín kú iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì kọ ọ́.

Texapon tí ẹ ń lò, èròjà tó ń mú ọṣẹ hó, ni àwọn oníkẹ́míkà ń pè ní SLES. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi àdín tàbí òróró àgbọn ṣe, átọ́ọ̀mù kábọ̀n 12 ló sábà máa ń ti ara òróró náà wá. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti so nǹkan bí ẹyọ méjì kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní ethylene oxide mọ́ ọn kí ó lè yòrò dáadáa nínú omi, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ní kábọ̀n méjì. Láti inú epo rọ̀bì tàbí gáàsì inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ethylene oxide yìí níbi púpọ̀ jù lọ lágbàáyé, nítorí náà 4 nínú kábọ̀n 16 kì í ṣe ti ọ̀pẹ. Àwọn èròjà ìfọṣọ mìíràn tún wà tí wọ́n so ẹyọ 7 mọ́, tó fi jẹ́ pé kábọ̀n 14 nínú 26 ni kò ti ara ewéko wá, síbẹ̀ tí wọ́n ń ya àwòrán ewé sára ike wọn. Ó dùn wá pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí oníbàárà.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Bí a bá yọ omi kúrò lára ethanol, ìyẹn ọtí tí a fi ìrèké tàbí àgbàdo ṣe, yóò di gáàsì ethylene. Bí ethylene bá sì pàdé ọ́síjìn lórí fàdákà, yóò di ethylene oxide tí kò yàtọ̀ sí ti epo rọ̀bì. Ilé-iṣẹ́ Croda ń fi ethanol ṣe é ní ìpínlẹ̀ Delaware, ní Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan ti ara ewéko wá, ọ̀tọ̀ ni kí ó má dá kún ooru ayé. Háídírójìn tí wọ́n fi ń sọ òróró di ọtí kẹ́míkà kí ó tó di SLES, gáàsì inú ilẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, irú gáàsì bẹ́ẹ̀ tàbí epo rọ̀bì ni wọ́n sì sábà fi ń dá iná tó ń mú ìkòkò ilé-iṣẹ́ náà gbóná. Bí wọ́n bá tún fa omi ilẹ̀ àbàtà gbẹ kí wọ́n tó gbin ọ̀pẹ, bí wọ́n ti ṣe níbi púpọ̀ ní Indonesia, kábọ̀n tó ti wà nínú ilẹ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́ yóò tú sáfẹ́fẹ́.

Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò kábọ̀n-14 lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún yín; irú kábọ̀n kan tó ń pòórá díẹ̀díẹ̀ ni kábọ̀n-14, àyẹ̀wò rẹ̀ sì ń fi hàn bí kábọ̀n inú ẹrù náà tó ti ara ewéko wá ṣe pọ̀ tó. Ewéko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè ní kábọ̀n-14 lára, ṣùgbọ́n ti epo rọ̀bì ti tán pátápátá, nítorí ìdajì rẹ̀ máa ń pòórá láàárín ọdún 5,730. Àyẹ̀wò yìí kò lè sọ irú iná tí wọ́n dá tàbí ilẹ̀ tí wọ́n fi gbin ọ̀pẹ, nítorí náà ẹ béèrè ìyẹn lọ́tọ̀. Bí kò bá sí ìwé kankan, ẹ má kọ ju "apá kan èròjà inú rẹ̀ ti ara ewéko wá" lọ, ìyẹn náà bí ó bá dá yín lójú pé àdín tàbí òróró àgbọn ni wọ́n fi ṣe é.