"Sorry" tí kò ní ìrù: ìdáhùn fún olùtọ́jú arúgbó kan ní Leeds

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Olùtọ́jú àwọn arúgbó ni mí ní ìlú Leeds, oṣù kẹjọ rèé tí mo ti dé síbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tí mò ń tọ́jú fẹsẹ̀ kọ etí kápẹ́ẹ̀tì, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Mo ní, "Sorry, sir." Ó wò mí, ó ní kí ló dé, ṣé èmi ni mo ti òun ni? Mo tún kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà pé mo sọ "sorry" fún un. Ni ọ̀gá wa bá pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní kí ni mo fi bàbá náà ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni "sorry" túmọ̀ sí gan-an, kí ni mo sì lè máa sọ dípò rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin wa. Èmi kọ́ ni mo pè yín sí ọ́fíìsì, mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ ò ní bi mí pé kí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yín wà.

Pẹ̀lẹ́ lẹ sọ fún bàbá yẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi wí i. Nílé, bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ, bó bá wúkọ́, bí ẹrù bá wúwo lórí rẹ̀, ẹni tó wà nítòsí á ti ní "pẹ̀lẹ́ o" kó tó ronú rárá. Kì í ṣe àwa nìkan. Igbo ní "ndo", Hausa ní "sannu", àwọn Akan ilẹ̀ Gánà ní "kosɛ", àwọn tó ń sọ Swahili ní "pole". Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dé ọ̀dọ̀ wa, "sorry" la rí tó sún mọ́ ọn jù, la bá di ẹrù pẹ̀lẹ́ lé e lórí. Ó ti di Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, mi ò sì ní pè é ní àṣìṣe láé. Àmọ́ ará Leeds tó gbọ́ ọ kò mọ̀ pé ẹrù kankan wà lórí rẹ̀.

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò, ìrora la máa bá níbẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "sārig" ni wọ́n ń pè é, láti ara "sār", tí í ṣe ìrora tàbí egbò. Ẹ mọ "bedsore", egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń dá sí arúgbó lára. "Sore" inú rẹ̀ àti "sorry", ọmọ ìyá ni wọ́n. (Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé "sorrow" ló bí i, torí wọ́n jọra, orísun tiwọn yàtọ̀ síra.) "Sorry" ń sọ pé ó ń dun èmi. Pẹ̀lẹ́ tiwa, ìrọ̀rùn ló wà nínú rẹ̀: ìwà pẹ̀lẹ́, ká ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìwọ tí nǹkan ṣe ló ń wò, kì í wo ẹni tó ṣe é.

Lẹ́nu àwọn ará Britain lónìí, "sorry" tó bá dá dúró, tí kò ní ìrù, ẹ̀bẹ̀ ni. Ẹni tó tẹ ẹlòmíì lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì á ní "sorry", ìyẹn ni pé èmi ni mo ṣe é, ẹ má bínú. Bó bá jẹ́ àánú ni wọ́n fẹ́ fi hàn, wọ́n á dárúkọ ohun tó ń dun ẹni náà mọ́ ọn: "I'm sorry to hear that", "I'm sorry you're in pain", "I'm sorry for your loss". Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ni, bí ìgbà tí a bá ní ẹ kú ara fẹ́ra kù. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé ìrù yìí. Òun ló ń sọ fún olùgbọ́ bóyá ẹ̀bẹ̀ ni tàbí ìbánikẹ́dùn.

Ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. "Sorry?" tí ohùn gòkè, "kí lẹ wí?" ni. "Sorry, is anyone sitting here?" dà bí ẹni ń kágò. "A sorry state" ni ilé tó ti di jákujàku. "You'll be sorry" sì jẹ́ ìhàlẹ̀: wàá kábàámọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ ńkọ́? "Apologise" kò ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ẹ má lò ó níbi tí ẹ kò ti ṣẹ̀. "Regret" pọ̀ nínú lẹ́tà ọ́fíìsì, "we regret to inform you", ẹ má sì kà á sí ẹ̀bẹ̀, ohun tí ẹ ń retí ni kò bọ́ sí i. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù ni "I feel sorry for you", nítorí "pity" ló wà nínú rẹ̀. Arúgbó tó ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rí, tó wá di ẹni tí wọ́n ń bá wọ ìbọ̀sẹ̀, bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, á gbà pé ẹ ti sọ òun di ẹni à ń káàánú.

Èmi náà ti ṣi ọ̀rọ̀ yìí tú rí. Ògbufọ̀ ni mí, ilé ìwòsàn ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ mi wà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, dókítà kan jókòó síwájú ìdílé kan, ó fọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ní, "I'm so sorry, he has died." Mo túmọ̀ rẹ̀ sí "Ẹ má bínú o, bàbá ti ṣaláìsí." Àgbà ọmọbìnrin wọn dìde fùú, ó kọjú sí dókítà, ó ní, "Kí lẹ fi bàbá wa ṣe?" Ìbéèrè ọ̀gá yín gẹ́lẹ́. Èmi ni mo fi ẹ̀bi sí dókítà lẹ́nu, torí mo gbé "ẹ má bínú" síbi tó yẹ kí "ẹ pẹ̀lẹ́" wà. Mo ṣàlàyé, wọ́n sì gbọ́ mi yé, àmọ́ ó ń dùn mí títí dòní pé mo fi ìyẹn kún ẹkún wọn.

Ẹ má tìtorí èyí bẹ̀rù láti bẹ̀bẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ lóòótọ́ o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin Compensation Act ti ọdún 2006 sọ pé ẹ̀bẹ̀ nìkan kò tó láti fi dá èèyàn lẹ́bi àìbìkítà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2015 sì ni òfin tí wọ́n ń pè ní "duty of candour" ti de àwọn ilé ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bí ìtọ́jú bá ṣìṣe tó sì pa èèyàn lára, dandan ni kí wọ́n sọ fún un, kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ mìíràn tí bàbá bá fẹsẹ̀ kọ, ẹ dì í mú, kí ẹ ní "Oh dear, are you all right?" "Take your time" náà dáa, òun ló sún mọ́ "ẹ rọra" jù. Bí orúnkún bá ń dùn ún, "I'm sorry your knee is hurting." Bó bá sín, "bless you". Bó bá wúkọ́, ẹ gbé omi fún un.

Ní ti ìwé àkọsílẹ̀, ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ ṣe ni kí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń lò níbi iṣẹ́ yín fún pẹ̀lẹ́ ni "reassure": "He tripped on the edge of the carpet but did not fall. I reassured him and checked that he was not hurt." Ẹ má pa èyí tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ fẹ́ fi àlàyé kún un, kí ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì bu ọwọ́ lù ú.