Àbúrò mi ní mò ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu òun

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Mówè ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí epo fò láti bíi ₦190 kọjá ₦480, agbára mi ò gbé e mọ́, ni mo bá ní káwọn aládùúgbò mẹ́ta máa bá mi lọ ká jọ máa dáwó epo. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ náà ní kí gbogbo wa máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àbúrò mi tó ń wa dánfó láti Mówè sí Bẹ́gà ní mò ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu òun. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá mi, ẹ má bínú sí i o, ọ̀rọ̀ ẹ̀ nídìí. Àwọn mẹ́ta tẹ́ ẹ̀ ń gbé yẹn, kí ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ pé kálukú wọn ló ń wa mọ́tò tiẹ̀, mọ́tò mẹ́ta ti kúrò lójú títì nìyẹn, àbúrò yín gan-an á jẹ níbẹ̀ torí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dín kù ní Ìbàfò á lè fi ìrìn kan kún un kílẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ tó bá jẹ́ inú dánfó lẹ ti kó wọn, mọ́tò yín ṣì wà lójú títì bó ṣe wà, ìjókòó mẹ́ta ṣófo nínú dánfó àbúrò yín, àwọn àgbèrò ò sì ní dín kọ́bọ̀ kù nínú owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn ọ̀gá kì í bèèrè ìyẹn. Irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 tí ìjọba ní kí mọ́tò má máa jáde lójoojúmọ́ l'Ékòó, nọ́mbà tó bá jáde lónìí á sinmi lọ́la, àwọn tówó wà lọ́wọ́ wọn bá lọ ra mọ́tò kejì, títì tún kún.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ jáwọ́, mo bẹ̀ yín. Èmi náà ti wọ irú ọkọ̀ yẹn rí, Ọ̀tà sí Ìkẹjà, èmi àti ìyá kan tó máa ń bọ́ bàtà gogoro ẹ̀ sílẹ̀ tá a bá ti jókòó, táá wá pín ẹ̀pà sísè yí wa ká, oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó mọ̀ pé ilé kejì sí tèmi ló ń gbé! Nígbà tọ́mọ ẹ̀ ṣàìsàn, àwa tá a jọ ń wọkọ̀ la dáwó kí ẹbí ẹ̀ tó gbọ́.

Ẹ má ṣáà gbé ẹni tẹ́ ò mọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀bù, wan-ṣáǹsì ò tíì tán, kí ará ilé àwọn obìnrin tẹ́ ẹ̀ ń gbé sì ní nọ́mbà mọ́tò yín lọ́wọ́. Lọ́la, ẹ dúró sẹ́nu géètì àdúgbò yín láago márùn-ún ìdájí, ẹ wo gbogbo mọ́tò tẹ́nì kan ṣoṣo wà nínú ẹ̀. Àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ lọ bá.